Ihò Onígun Mẹ́rin

Láti Ìlọrin ló ti wọkọ̀ dé Òmù-Àrán,
ó gun ọ̀kadà dé Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀,
eruku pupa dé ìpéǹpéjú rẹ̀.
Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ idẹ."
Mo ní, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Idẹ ló mọ̀ mí.
Sùwéébátù tú etí ìborùn, ó yọ owó kan,
ó fẹ̀ ju bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù lọ díẹ̀,
ihò láàárín rẹ̀, onígun mẹ́rin.

Onínì tí ìyá mi ń so mọ́ okùn,
ihò tiwọn rí roboto bí ojú ẹyẹlé.
Èyí kì í ṣe owó òyìnbó.

Bàbá-bàbá rẹ̀, Yésúfù ará Pàkátà,
ló gbé e ti ogun Bọ́mà bọ̀
nínú ìbọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ikọ́ tí kò lọ mọ́.
Ó ní ọba kan ló ta òun lọ́rẹ.
Bí gìrì bá mú ọmọ, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á fún un mu.
Nígbà tí baba kú, ó di wọ́ṣà nídìí àtùpà.
Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Ọjà-Ọba wò ó fìrí:
"Ayédèrú. Ẹ jù ú nù."

N kò fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́.
Ẹni bó ìpẹtà ara owó àtijọ́,
ẹ̀rí ló bó dànù.
Mo fi èékánná yí etí rẹ̀ ká.
Ojú fáìlì wà níbẹ̀, tín-ín-tín,
gbogbo rẹ̀ kọrí sọ́nà kan;
níbì kan ó yọ kókó:
ibẹ̀ ni idẹ gbà wọlé,
ibẹ̀ ni wọ́n ti já a lára ẹ̀ka bí ẹni já ọsàn.
Wọn kò fi òòlù lù ú. Wọ́n dà á ni.

Àmọ́ ihò yẹn.
Láti ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti ń họ ẹ̀gbà idẹ;
ẹ̀gbà a máa yí mọ́ni lọ́wọ́,
fáìlì a máa jẹ àtàǹpàkò. Ẹ wo tèmi.
Mo wo ihò náà títí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà.
Háà!
Wọn kì í họ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan!
Ọ̀pá onígun mẹ́rin ni wọ́n fi gún wọn bíi súyà,
ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kò séyìí tó lè yí.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ẹnì kan tí n kò ní mọ orúkọ rẹ̀ láé
ti yanjú ọ̀ràn àtàǹpàkò mi
kí wọ́n tó bí baba baba mi.

Sùwéébátù ní tirẹ̀, ìwé ló kà.
Ó tẹ́ bébà lé e, ó fi èédú rá a,
àmì mẹ́rin dìde.
"Ẹ ka tòkè, ẹ ka tìsàlẹ̀,
ọ̀tún ló kàn, òsì ló kẹ́yìn."
Mo ní, bíi kéwú? Ó ní, ó jọ ọ́, kò jọ ọ́.
Ó dojú rẹ̀ dé: àmì méjì dúró ṣánṣán
bí eegun ẹja àrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò.
"Ilé tí wọ́n ti dà á nìyẹn.
Ká ní ti Japáànù ni, ẹ̀yìn rẹ̀ lè pá,
tàbí kó ní ìgbì omi. Ti Fẹtináàmù sábà máa ń fẹ́lẹ́.
Ti Ṣáínà lèyí, sáà ọba Kianlóńgì."

Ó wá panu mọ́.
"Bàbá, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni.
Kò sọ́ba tó ń fi í tọrẹ."

Bóyá ṣéńjì ni, mo ní.
Bóyá ọmọ ogun kan mu tíì gbígbóná nínú òjò,
ìyá onítíì sì ka ṣéńjì lé e lọ́wọ́ bí ènìyàn.

Kò fèsì. Ó so ó padà sétí ìborùn.
Kó tó lọ, mo ní kó jẹ́ n tẹ̀ ẹ́ sínú ìda.
Ìda náà ṣì wà lórí àjà.
Àwọn àmì ti yí padà nínú rẹ̀, ọ̀tún ti di òsì.
N kò tíì dà á. Iná wà, idẹ wà.
Mo kàn ń gbé e wò lálaalẹ́ ni.